Ẹ fún orin tí a kò tíì tẹ̀ láyè níbi àkọ́kà agogo ọwọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ agogo ọwọ́ (handbell), agogo kékeré tó ní èèkù tí à ń fi ọwọ́ lù, kì í sábà rí àyè nínú ìwé ìròyìn, nítorí náà mo ti ń dúpẹ́ ṣáájú bí ẹ bá lè bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń lu agogo ọwọ́. Ipò E4 àti F4 ni mo máa ń dúró sí, ìyẹn orúkọ ohùn agogo méjì tí mo ń lù. Ó tó ọdún márùn-ún báyìí tí èmi náà ti ń kọ orin fún agogo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan láìpẹ́ yìí níbi ìpàdé àkọ́kà ló mú mi gbé kálàmù. Ẹni tí kò bá mọ ìpàdé àkọ́kà, ibẹ̀ ni àwọn alágogo láti inú ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ti máa ń péjọ. Wọn yóò gba ìwé orin tí wọn kò rí rí, wọn yóò sì lù ú lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbé orin tuntun kan wá síbẹ̀. Ẹ̀dà mọ́kànlá ló ṣe, ó sì to ojú ewé rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ṣètò ìpàdé náà wo iwájú ìwé, wọn kò rí orúkọ ilé ìtẹ̀wé kankan níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún un. Wọ́n ní orin tó ti wà ní títà nìkan ni àwọn ń kà. Ó wò mí lójú, kò sọ nǹkan kan, ó dá àwọn ìwé rẹ̀ padà sínú àpò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

N kò sọ pé kí a má ka orin tí a ti tẹ̀. Àwọn adarí ẹgbẹ́ ní láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà, ó sì dára kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dán an wò kí wọ́n tó náwó lé e. Ṣùgbọ́n orin tí a ti tẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àtúnṣe. Bí ó bá ní ibi tí ọwọ́ ti ń há, yóò máa há ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá rà á ni. Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni àkọ́kà lè wò sàn.

Ìdí tí èyí fi kan agogo ọwọ́ ju ohun èlò orin mìíràn lọ kò ṣòro láti rí. Ẹni tó bá kọ orin fún dùrù lè jókòó sídìí dùrù kan, kí ó lu gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, agogo octave mẹ́ta (octave kan ni láti ohùn C kan dé C tó tẹ̀lé e), láti C4 dé C7, jẹ́ 37. Méjìlélógún nínú wọn ni kò ní sharp tàbí flat, ìyẹn àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀ tàbí tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń pín wọn ní méjì méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù wà lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ fóòmù lé, wọ́n ń retí ìgbà tí a ó nílò wọn. Orin kan ṣoṣo, ọwọ́ méjìlélógún. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè dá a gbọ́ nínú yàrá rẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ tí mo kọ, kọ̀ǹpútà lù ú fún mi lálùtúnlù, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀rọ kò ní ọwọ́ tó lè há. Ní bar 23 (bar ni ìpín kéékèèké tí a ń pín orin sí lórí ìwé), mo gbé orin náà kúrò lórí B àti C, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sórí B flat àti D flat. Ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀. Ìwọ̀n ìyára tí mo kọ sókè ìwé ni ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó fún ìlù kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí a gbé e dé ibi àkọ́kà, obìnrin àgbàlagbà kan ló wà ní B4 àti C5. Nínú ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ohun tí mo ní kí ó ṣe ni pé kí ó pa ohùn agogo méjì mọ́ èjìká, kí ó gbé méjèèjì kalẹ̀, kí ó mú méjì mìíràn, kí ó sì lù wọ́n pọ̀. Bí a ṣe dé bar 23, àárín orin là gbàgà bí ẹnu tí eyín iwájú ti yọ. A padà sẹ́yìn, a tún un lù, ó tún là bákan náà.

Ìyá náà pè mí lẹ́yìn orin. Ó ní, “Ọmọ mi, orin yìí dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ni mo ní. Wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ṣe nǹkan kan nínú bar yẹn. Gbé D flat fún un.” Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Òótọ́ ni: ẹni tó wà ní D5 àti E5 ń sinmi ní gbogbo bar náà. Bí mo ṣe gbé ohùn kan ṣoṣo yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹnì kejì, ibẹ̀ sàn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń gbọ́ orin yẹn lórí ẹ̀rọ, kò sì sọ ọ́ fún mi rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti LV, àmì tó ń sọ fún alágogo pé kí ó jẹ́ kí agogo máa dún lọ láìpa ohùn rẹ̀. Mo na LV lé bar mẹ́rin lórí, nígbà tó jẹ́ pé ohùn abẹ́ orin ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wọn. Ohùn inú kọ̀ǹpútà tètè ń rọlẹ̀, nítorí náà ó mọ́ létí. Idẹ gidi kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn àná ń dún lọ lábẹ́ ohùn òní, gbogbo rẹ̀ wá dàrú mọ́ra wọn bí ọjà alẹ́. Ìpele ìṣòro tí mo kọ síwájú ìwé, láàárín 1 sí 6 tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò, kò rí bí mo ṣe rò. Ìpele kejì ni mo pè é, àwọn tó lù ú ní ìpele kẹta ni. Ojú ewé tí mo tò kò dára pẹ̀lú: ẹni tí agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ni yóò fi ṣí ìwé? Ibi tí ọwọ́ ti ń sinmi ló yẹ kí ewé ti yí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ orin gbọ́ lẹ́nu mi, nítorí pé ó ti jẹ mí níyà. Ẹ má darí orin yín fúnra yín níbi àkọ́kà. Èmi ni mo dúró síwájú nígbà tí a ka orin kejì tí mo kọ. Nígbà tí a sún mọ́ ìparí, ọwọ́ mi rọra falẹ̀, gbogbo ènìyàn sì bá mi falẹ̀. Ó dùn débi pé àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò kọ ìfalẹ̀ kankan sórí ìwé. Ọwọ́ mi ló ń sọ ohun tí ìwé kò sọ, n kò sì mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn gbà á lọ tí wọ́n lù ú láìsí mi níbẹ̀, wọ́n sáré kọjá ìparí bí ẹni tí òjò ń lé. Kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, n kì í sì í la ẹnu mi títí orin yóò fi parí. Ó le gan-an láti jókòó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbé ọ nínú pé kí o dìde lọ ṣàlàyé, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kù sí.

Àwọn kan ní ìpàdé kì í ṣe ibi ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ibi tí agogo ọwọ́ ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejìdínlógún, àwọn tó ń fa okùn agogo ńlá inú ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ètò lílù gígùn tí wọ́n ní láti mọ̀ sórí. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe lókè, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú agogo kéékèèké tó ní èèkù sọ́wọ́, tí wọ́n jókòó sínú ilé, tí wọ́n ń fi í kọ́ ètò náà kí wọ́n tó gun òkè lọ fa okùn. Ohun èlò ìdánwò ni agogo ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ olè jíjà ni ìbẹ̀rù tó kù. Lábẹ́ àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà, tó ti wà láti 1886, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì wà nínú rẹ̀ lónìí, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin kò dúró de ilé ìtẹ̀wé tàbí ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ló ti di tirẹ̀. Síbẹ̀, ìṣọ́ra yẹ. Kí a kọ nọ́ńbà sórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí a gba gbogbo wọn padà kí ẹnikẹ́ni tó jáde, kí a má sì gbé fóònù sókè ká orin náà sílẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá gbà. Ẹ̀dà tí a gbà padà yẹn ní èrè tirẹ̀ fún ẹni tó kọ orin, nítorí pé gbogbo àmì pẹ́ńsùlù tí àwọn alágogo fi síbẹ̀ ló ń bá a lọ sílé. Bí ó bá sì jẹ́ orin ẹlòmíràn ni a tò fún agogo, tí ẹ̀tọ́ onítọ̀hún kò tíì parí, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí a tó ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo. Lórí èyí, n kò gba àwáwí kankan.

Ẹ̀yin alágogo náà, bí ẹ bá lu orin tuntun tán, ẹ má sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé ó dùn kí ẹ sì máa lọ. Ẹ sọ nọ́ńbà bar fún un. Ẹ sọ agogo tí ọwọ́ yín kò bá. Ẹ sọ ibi tí ẹ dúró láìṣe nǹkan kan fún ojú ewé kan gbáko, torí ìyẹn náà ń rẹ ènìyàn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò kò pọ̀: orin kan tí a kò tíì tẹ̀ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí a lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, kí a sì tún un lù. Bí orin bá pọ̀ jù, kí wọ́n ní kí àwọn tó kọ wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n sì yan èyí tí agogo tó wà nílẹ̀ bá mu.

Mo ti wo orin ọ̀rẹ́ mi. Octave mẹ́ta ni, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ibì kan wà ní ojú ewé kejì tí mo rò pé yóò há ọwọ́ ẹni tó wà ní G4 àti A4, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í kà. Ẹ̀dà mọ́kànlá náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Alágogo E4 àti F4