Ìdánwò Kò Yọ Ìsédò Kúrò Lábẹ́ Òfin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ìsédò ńlá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní òfin àyíká ti so àwọn tó ń darí ìsédò lọ́wọ́, pé bí wọ́n bá fẹ́ yí bí omi ṣe ń jáde padà díẹ̀ báyìí, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé àyẹ̀wò àyíká rẹpẹtẹ. Ìsédò Glen Canyon lórí odò Colorado, ní ìpínlẹ̀ Arizona l'Amẹ́ríkà, ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ yẹn gan-an ló tako ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1963 ni ìsédò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi dúró. Kò tíì sí òfin nígbà náà tó ní kí ìjọba yẹ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sí àyíká wò. January 1970 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Odò ti yí padà kó tó dé. Iyanrìn tó máa ń bá omi lọ sí Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà nísàlẹ̀ ìsédò, ń jókòó sínú Lake Powell, adágún tó wà lẹ́yìn ìsédò náà. Omi tó ń jáde tutù ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń kún, ó ń fà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí bí àwọn èèyàn bá ṣe ń lo iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n ṣe ń ṣí i. Etí odò ń jẹ lọ, ẹja ìbílẹ̀ bíi humpback chub sì wà nínú ewu.

Ní 1992 ni Kóńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin pé kí wọ́n máa darí ìsédò yẹn lọ́nà tí yóò dáàbò bo Grand Canyon, kí wọ́n sì máa wọn àbájáde rẹ̀ lọ títí. Ibẹ̀ ni ètò ìdánwò ti wá: dán ọ̀nà kan wò, wọn ohun tó yọrí sí, kí o tún ọ̀nà náà ṣe. Ní 1996 wọ́n tú omi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, ó ju mílíọ̀nù kan lítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kí iyanrìn ìsàlẹ̀ odò lè gòkè padà sí etí. Ó gòkè lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tó tún fi wọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n máa tún un ṣe ní 2004, wọ́n ti mọ̀ pé ìgbà tí odò Paria, tó ń ṣàn wọ Colorado nísàlẹ̀ ìsédò, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iyanrìn tuntun wá ló yẹ kí wọ́n tú omi.

Ṣé gbogbo ìgbà ni wọ́n wá ń kọ ìwé tuntun? Rárá o. Ní 2012 wọ́n ṣe ìlànà kan tó sọ bí iyanrìn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí wọ́n tó tú omi, àti ibi tí omi náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló kó ìdánwò ọdún púpọ̀ mọ́ra. Ti 2016 tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ogún ọdún ló wà fún. Mo gbà pé ó máa ń falẹ̀ nígbà mìíràn: 2022 ni wọ́n rí i pé ẹja àjèjì smallmouth bass ti ń bímọ nísàlẹ̀ ìsédò, nítorí adágún ti fà débi pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ orí rẹ̀ ló ń jáde, 2024 ni wọ́n sì tó parí àfikún ìwé tí wọ́n fi tú omi tútù lọ́dún náà láti dí i lọ́wọ́. Ọdún méjì pọ̀ fún ẹja tó ń bímọ lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin ṣe fún àwọn èèyàn Zuni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà kan, àwọn tó ń bójú tó odò máa ń pa ẹja trout nítòsí ibi tí odò Little Colorado ti wọ odò ńlá, kó má baà jẹ humpback chub run. Àwọn Zuni ní ibi mímọ́ àwọn nìyẹn, pé kí wọ́n má sọ ọ́ di ibi ìpakúpa àwọn ẹ̀dá inú omi. Òfin ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, wọ́n sì padà wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa kó ẹja náà láàyè. Kò sí onímọ̀ ẹja kankan tí ì bá fi ìwọ̀n rẹ̀ rí ìyẹn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀ sí ti òǹkọ̀wé yín. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ lórí ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan pè, pé kò pọn dandan kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àyíká ọ̀tọ̀ fún ètò omi ọdọọdún ìsédò náà. Ìdájọ́ náà mọ́gbọ́n dání lójú tèmi. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé ńlá nìkan ni ẹnu ará ìlú wá tólẹ̀ jù. Ẹni tó bá dúró di ọdún tí wọ́n fẹ́ tú omi, ọjà ti tú kó tó dé.

Ìlànà 2007 tó wà fún dídarí omi Lake Powell àti Lake Mead, adágún kejì nísàlẹ̀ odò náà, 2026 ni òpin rẹ̀, èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀. Bí ẹ bá tún máa kọ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo inú ìwé náà: kí ni wọ́n lè dán wò, ta ni yóò wọn àbájáde rẹ̀, kí ló sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín