Dayọ̀, má dúró de ìrora kó o tó lọ ṣe àyẹ̀wò

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Dayọ̀, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tá a sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò tíì tán nínú mi. Mo ní kó o lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá, o ní, "Mọ́mì, kò sí ohun tó ń ṣe mí." Mo mọ̀. Ìgbà tí kò sí ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an ni mo fẹ́ kó o lọ.

O wà ní àgọ́ agùnbánirọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀, o kò rí bó ṣe rí. Ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o mọ bàbá rẹ? Ọ̀dọ̀ ìyá alágbo kan nítòsí Ọjà Ọba ló ń gbà lọ láàárọ̀, tí yóò gbé ife agbo jẹ̀díjẹ̀dí kan mì kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó tilẹ̀ ti pa ṣúgà tì, torí ohun adùn ni gbogbo ayé gbà pé ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Àtẹ̀gùn ilé ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ó gùn ún dé òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní kó jókòó, mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo inú rẹ̀ ti funfun. Ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún un. Mo ní, "Bàbá Dayọ̀, ibo ni ẹ̀jẹ̀ yín ń gbà lọ?" Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni. Wọ́n gé ibi tó wà kúrò, wọ́n fún un ní oògùn jẹjẹrẹ, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, kò tíì ràn dé ẹ̀dọ̀.

Ẹni ọdún 48 ni nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Ẹni tí kò sí irú àìsàn yìí nínú ẹbí rẹ̀, ọdún 45 ni àwọn dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Àmọ́ ẹni tó ṣe bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀, ogójì ọdún ni, tàbí kí wọ́n yọ ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí tí aláìsàn náà wà nígbà tí wọ́n rí i, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Yọ mẹ́wàá kúrò nínú 48. O ti pé 38 lọ́dún yìí. Ọjọ́ orí yẹn ń bọ̀ wá kan Bùkọ́lá àbúrò rẹ náà, mo ti sọ fún un.

Kì í ṣe òjijì ni jẹjẹrẹ yìí ń bẹ̀rẹ̀. Kókó ẹran kékeré kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù sára ìfun ńlá, kì í dunni, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó yíwọ́. Nínú kolonósíkópì, dókítà á ti ihò ìdí fi rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí wo gbogbo ìfun, bó bá sì rí kókó, á gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Tó bá yọ ọ́, kókó yẹn kò lè di jẹjẹrẹ mọ́. Mo mọ̀ pé ti ihò ìdí yẹn gan-an ló ń lé ẹ̀yin ọkùnrin sá. Wọ́n á fún ọ lóògùn tí yóò mú ọ tòògbé, o lè má tiẹ̀ rántí. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló le: o ò ní jẹun, omi àti tíì tí kò ní mílíìkì ni wàá máa mu, pẹ̀lú oògùn tó máa fọ ìfun, má sì jìnnà sí ṣáláńgá! Má mu zóbò, àwọ̀ pupa rẹ̀ a máa jọ ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Má sì wakọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tún wà, FIT, tí wọ́n fi ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ìyẹn dára fún ìyàwó rẹ tó bá pé 45. Ní ìlú Ọba, ìjọba ló ń fi ohun èlò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé àwọn àgbà. Níbí, ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn fi ń lọ. Tìrẹ, kolonósíkópì ni, wọ́n ń ṣe é ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, wọ́n ń ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ náà. Owó rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n tí wọn kò bá rí nǹkan kan, ó di ọdún márùn-ún kó o tó tún padà lọ.

Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́ o, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n dókítà ló máa sọ pé òun ni, kì í ṣe ẹni tó ń fi gbohùngbohùn pariwo ní gáréèjì. Agbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ sì tún jẹ́ ọtí, ọtí sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí. Bí ìgbẹ́ rẹ bá yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó di tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó o bá ń rù láìnídìí, má pe mí láti béèrè ewé. Ilé ìwòsàn ni kó o forí lé.

Ti oúnjẹ, mi ò ní sọ púpọ̀. Sọ́séèjì tí ẹ fi ń dí àwọn ọmọ lẹ́nu láàárọ̀ yẹn, ẹ dín in kù. Láti 2015 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ka irú ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹran màlúù àti ẹran ewúrẹ́, kó má ju ìdajì kílò lọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀wà, ebòlò, tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, ohun tá a fi tọ́ ọ dàgbà ni. Kó o sì máa rìn. Ikùn tí mo rí nínú fọ́tò Kérésì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Chadwick Boseman, òṣèré Amẹ́ríkà tí o fẹ́ràn, ẹni ọdún 43 ni nígbà tí àrùn yìí pa á ní 2020. Ara tirẹ̀ le ju tìrẹ lọ.

Tó o bá dé iwájú dókítà, ohun tí wàá kọ́kọ́ sọ ni pé bàbá rẹ ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá nígbà tó wà ní ẹni ọdún 48. Tí wọ́n bá ti dá ọjọ́, pè mí. Bàbá rẹ ní òun ló máa wá bá ọ lọ, kó o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ó sì ní ti lílọ àti bíbọ̀ ni o.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.