Lẹ́tà sí Ọmọ Mi lórí Dídín Kọ̀mpirẹ́ṣọ̀n Ẹ́ńjìnnì Kù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o fẹ́ so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ, àti pé gáskẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ìyẹn abala tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ni o máa fi sábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì kí kọ̀mpirẹ́ṣọ̀n, ìyẹn iye ìlọ́po tí àyè inú sílíńdà fi tóbi nígbà tí písítọ́ọ̀nù wà nísàlẹ̀ ju ìgbà tó bá dé òkè lọ, lè wálẹ̀ láti 10 sí 8.5. Mo bẹ̀ ọ́, dáwọ́ dúró ná.

Òótọ́ ni pé tọ́bò ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú sílíńdà, àti pé bí písítọ́ọ̀nù bá tún fún un jù, ooru á pọ̀ débi pé epo àti afẹ́fẹ́ tó wà ní igun á gbiná fúnra wọn kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò ó. Sílíńdà rẹ fẹ̀ ní mìlímítà 86, ìrìn písítọ́ọ̀nù sì jẹ́ 86 bákan náà, èyí tó fún wa ní nǹkan bí 500 cc. Bí kọ̀mpirẹ́ṣọ̀n bá jẹ́ 10, àyè tó ṣẹ́kù lókè písítọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 55.5 cc, kí ó tó di 8.5, ó gbọ́dọ̀ di 66.6 cc. Mìlímítà 1 gáskẹ́ẹ̀tì kò fi kún un ju 5.8 cc lọ, nítorí náà ìwọ yóò nílò àfikún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 2.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Etí písítọ́ọ̀nù yẹ kó sún mọ́ orí ẹ́ńjìnnì ní bíi mìlímítà 1, kí ó lè ti epo àti afẹ́fẹ́ sí àárín, kí ó sì rú wọn pọ̀. Bí o bá gbé e jìnnà, wọn á dúró sí igun, wọn á máa jó lọ́ra, ohun tí o ń sá fún gan-an ni o sì lọ pàdé. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, gáskẹ́ẹ̀tì méjì ni mo tò léra. Nígbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì náà, etí ibi tí rìǹgì òkè ń jókòó sí lára písítọ́ọ̀nù kẹta ti kán, èérún rẹ̀ sì ti ha ara sílíńdà látòkè délẹ̀. Písítọ́ọ̀nù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màá fi hàn ọ́ bí o bá dé.

Písítọ́ọ̀nù tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí àárín orí rẹ̀, tí etí rẹ̀ sì ga bíi ti tẹ́lẹ̀, ni mo fẹ́ kí o lò. Má sì lọ dé 8.5. Bí tọ́bò rẹ kò bá ní tì í jù, 9 tó, níwọ̀n ìgbà tí o bá lo epo tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù sì dára. Torí bí o bá dín in kù jù, ọkọ̀ náà á wúwo nílẹ̀ kí tọ́bò tó jí.

Kọ́kọ́ wọn ihò orí ẹ́ńjìnnì ná. Dorí rẹ̀ kodò kí ó tẹ́jú, fi gíríìsì lẹ gíláàsì tó ní ihò kékeré mọ́ ọn, kí o wá fi síríǹjì rọ òróró fífúyẹ́ sínú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi tán; iye òróró tó wọlé ni ìwọ̀n ihò náà. Ṣe é fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì fi òǹkà wọn ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó písítọ́ọ̀nù.

Èmi ni bàbá rẹ.