Ọ̀nà tó yá jù kọ́ ló dáa jù fún ọmọ kékeré

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní tá a bá fẹ́ gbé ọmọ kékeré rin ọ̀nà jíjìn, ká kàn tẹ ibi tá à ń lọ sórí Google Maps, ká mú ọ̀nà tó bá yá jù, ká gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́, ká sì máa lọ láì dúró. Mo rẹ́rìn-ín o. Ó jọ pé bàbá yẹn ò jókòó sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ọmọ ọdún 2 rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àsìkò tí fóònù ń kọ fún yín, ìgbà tí táyà fi ń yí nìkan ló kà. Kò ka ti páńpáàsì tó kún, kò ka ti ọmọ tó ní ẹ ò gbọdọ̀ gbé òun padà sínú síìtì ọmọdé tó wà nínú mọ́tò, tó wá na ara gbọnrangandan, kò ka ti bàtà ẹsẹ̀ kan tẹ́ ẹ máa fi ìdajì wákàtí wá. Wákàtí 5 tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, ẹ tètè kà á sí 7. Torí náà tí ọ̀nà méjì bá wà níwájú yín, tí ọ̀kan fi ìṣẹ́jú 20 yá ju èkejì lọ, ìṣẹ́jú 20 yẹn ò já mọ́ nǹkan kan, ibi tẹ́ ẹ ti lè dúró lójú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi yàn.

Kì í ṣe etí títì ni mò ń wí o. Kéèyàn páàkì sétí márosẹ̀ kó máa pààrọ̀ páńpáàsì nígbà tí tírélà ń fò kọjá, ewu gidi nìyẹn. Ibi tó ya kúrò lójú ọ̀nà pátápátá ni mò ń sọ, tó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì, tó ní ibòji, tó sì ní ilẹ̀ tí ọmọ lè sáré lé, torí nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì ló yẹ ká máa sọ ọ́ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ yí máàpù yẹn sí fọ́tò sátẹ́láìtì, ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó dáadáa, ṣé koríko ló wà lẹ́yìn ilé epo yẹn ni àbí tírélà ló tò síbẹ̀? Ẹ ka ohun tí àwọn tó ti yà síbẹ̀ kọ nípa tọ́lẹ́ẹ̀tì wọn. Wọn kì í fi bò rárá.

Ọ̀rọ̀ oorun ló wá ṣe kókó jù lójú tèmi. Gbogbo ọ̀nà jíjìn ló ní apá kan tó gbẹ, kò sí ilé epo, kò sí ibi tẹ́ ẹ lè yà sí, ọ̀nà á kàn máa lọ ṣáá. Apá yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bọ́ sí àkókò tí ọmọ máa ń sùn lọ́sàn-án. Tó bá jẹ́ aago 1 ló máa ń sùn, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ máa dé ní aago 12, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́, kó jẹun, ẹ pààrọ̀ ìdí ẹ̀, ẹ ra epo kún táńkì, kẹ́ ẹ wá gbéra. Tó bá ti sùn, ẹ má dúró mọ́ (àfi tó bá jẹ́ pé awakọ̀ ló ń tòògbé). Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ọ̀nà tó kúrú tó bá gba àárín ìlú ńlá kọjá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á jí i ni, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tó yípo ìlú, bó tiẹ̀ gùn jù, mọ́tò á máa lọ geere, ọmọ á máa hanrun.

Ọ̀nà orí òkè tó jẹ́ kọ́ọ̀nà lórí kọ́ọ̀nà ńkọ́? Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti bí ọmọ ọdún 2 títí dé 12 ni mọ́tò máa ń kọ́ ọmọ léébì jù. Etí inú ń sọ fún ọpọlọ pé à ń yí, ojú tó tẹjú mọ́ fóònù ń sọ pé ojú kan la wà, èébì ló sì máa ń parí ìjà yẹn. Fóònù tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ká gbé fún ọmọ, tẹ́ ẹ bá dé irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, epo lẹ̀ ń dà síná.

Ẹ tún wo oòrùn. AAP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti sọ ní 2018 pé kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn nínú síìtì ẹ̀ títí á fi tóbi ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára síìtì náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó pé ọdún 2 mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, orí àti ọrùn ẹ̀ ló ń dáàbò bò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sápá ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, gíláàsì ẹ̀yìn ni oòrùn máa gbà wọlé sójú ẹ̀ gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú ò ní mọ̀, ẹ á kàn máa bi ara yín pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Tó bá jẹ́ àríwá lẹ̀ ń lọ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ òsì ni oòrùn wà, ẹ gbé síìtì ẹ̀ sọ́tùn-ún.

Àwọn tó ní ká rìn lóru kí ọmọ lè sùn, ọmọ á sùn, awakọ̀ náà á fẹ́ sùn. Mi ò bá wọn dá sí i.

Tó bá sì jẹ́ torí owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà lẹ ṣe fẹ́ sá fún márosẹ̀ tí wọ́n là sí méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san án. Lórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn tó ń lọ àtàwọn tó ń bọ̀ jọ ń gbà, ìgbà tẹ́ ẹ bá yọrí láti ya tírélà sílẹ̀ gan-an ni ọmọ máa figbe ta pé bọ́ọ̀lù òun ti bọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, àwọn máàpù tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ sí ojú ìwé ìrìnàjò yín, ẹ bá wa fi ibi ìsinmi àti tọ́lẹ́ẹ̀tì kún un, ìyẹn wúlò fún wa ju iye kìlómítà lọ.

Èmi ni,
Ìyá kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín