Ẹ Lẹ Iye Owó Stent Mọ́ Ògiri Ọsibítù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, nítorí inú ń bí mi gidigidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní ìsọ̀ mi ní Gbági, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń mójú tó ètò ìlera bá ní kò sí ìdí mọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kankan yóò fi gbé àìsàn ọkàn lọ sí Íńdíà. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún la ti ń ṣe níbí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dúpẹ́, ó gbé orin sí i. Kò bi í ní èló. Èló ni wọ́n ń ṣe é níbí? Ta ló dá iye owó náà? Ìbéèrè méjì péré ni, kò sì tíì sí ẹnì kan nínú wọn tó dáhùn rẹ̀.

Stent ni mò ń sọ, irin kékeré tí wọ́n ń fi sínú iṣan ọkàn tó bá dí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá aláìsàn ọkàn dé ọsibítù mọ̀ ọ́n. Méjì ni wọ́n fi sí bàbá àwọn ọmọ mi lára lọ́dún yìí. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n gbà wọlé, wọn kò la àyà rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó ti ń bá mi ṣàwàdà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà. Ẹ má rò pé dókítà ni mo fẹ́ bá jà. Ọmọ kékeré ni èyí tó ṣe é, kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, àmọ́ ó jókòó tì mí, ó ya àwòrán rẹ̀ fún mi sẹ́yìn ìwé. Wọ́n á ti bàlóònù tíńtín gba inú iṣan lọ sí ibi tó dí, stent á ti wà lára rẹ̀ ní kíká. Bí bàlóònù bá wú, irin á ṣí, á di ara iṣan mú, wọ́n á fa bàlóònù jáde, irin á kù síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ. Ó rí bíi sípíríǹgì inú báírò, ó kàn tún kéré sí i ni. Ó ní kì í ṣe ohun tuntun o, pé ní ọdún 1986 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sí ọkàn èèyàn ní Toulouse nílẹ̀ Faransé, àti pé èyí tí wọ́n fi oògùn pa lára kí ẹran má baà hù bò ó, São Paulo ní Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ní 1999. Brazil o, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Nǹkan tó ti tó ọmọ ogójì ọdún láyé, àwa ṣì ń rà á bí ẹni ra ọjà fàyàwọ́.

Ibi tí wọ́n ti tà á fún mi gan-an ló dùn mí jù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo iṣan rẹ̀, tí wọ́n rí i pé ibi méjì ló dí, nọ́ọ̀sì kan fún mi ní nọ́ńbà fóònù. Ó ní, “Màmá, ẹ pè wọ́n, àwọn ló ń kó o wá.” Ọsibítù fúnra rẹ̀ kò ní ẹyọ kan nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú báàgì ẹ̀yìn, irú èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé, ó sì kó àwọn páálí pẹlẹbẹ jáde sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n kọ 3.0 sí ọ̀kan, wọ́n kọ 2.75 sí èkejì, ìyẹn bí yóò ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Wọ́n kọ gígùn rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ tí kò ní wúlò mọ́. Gbogbo nǹkan ló wà lára páálí yẹn àfi iye owó. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó yẹra díẹ̀, ó padà wá, ó dárúkọ owó. Mo bi í bóyá ti méjèèjì ni. Ó ní ti ẹyọ kan ni. Mo ní ti ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ńkọ́, torí pé mo ti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó èyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, dọ́là ni o.”

Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi dọ́là dẹ́rù bà? Aṣọ ni mò ń tà. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọjà mi ti ń wá. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwa ará Gbági rí màbo. Mo mọ owó ibodè, mo mọ owó ọkọ̀, mo mọ èrè tí èèyàn ń fi lé ọjà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bi mí ní iye tí mò ń ta George, mo máa dá a lóhùn, yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì, yóò béèrè níbẹ̀, yóò padà wá ná an títí èrè mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ìsọ̀ wo ni yóò kọjá sí? Ta ni yóò bá nájà? Ohun tí wọ́n bá sọ ni yóò san. Wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó rí owó náà jọ, ilẹ̀ ti ṣú. George tí mo ti kó jọ de ọdún Àjíǹde, mo kó o fún ẹlòmíràn lówó tí kò tó iye tí mo fi rà á. Gbogbo àsìkò yẹn, ẹran ọkàn èèyàn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé kì í dúró dè wá. Dókítà yẹn ló sọ fún mi pé ní ilẹ̀ tí nǹkan ti rí bó ṣe yẹ, láàárín ìṣẹ́jú 90 tí ẹni tí háàtì àtáàkì ńlá bá mú ti dé ọsibítù ni wọ́n ń fẹ́ kí iṣan náà ti là. Ìṣẹ́jú 90! Àwa ṣì ń wá ẹni tó ní POS. (Àti pé ọsibítù tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, àlọ́sà, ìyẹn ọgbẹ́ inú, ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Ọkùnrin tó ń làágùn, tí àyà ń ro, tí ọwọ́ òsì ń dùn ún dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fún un ní oògùn inú rírun. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo béèrè rìsíìtì. Bébà tí wọ́n fún mi, “èlò ọkàn” ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú àpapọ̀ owó kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe stent kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára páálí kò sí níbẹ̀, iye ẹyọ kan kò sí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ra mítà léèsì márùn-ún lọ́wọ́ mi, rìsíìtì tí mo máa kọ fún un sàn ju èyí lọ.

Oníbàárà mi kan tó máa ń lọ sí Mumbai ló là mí lójú. Ó ní ohun tí mò ń ké lé lórí yìí, ní Íńdíà, ìjọba ló ń fi òdiwọ̀n sí iye rẹ̀. Mo ní kí àkọ́bí mi bá mi wádìí, òótọ́ sì ni. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Birender Sangwan ló gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Delhi, pé kí ló dé tí stent kò fi sí nínú ìwé àwọn oògùn tó jẹ́ kòṣeémánìí. Wọ́n fi í síbẹ̀ ní 2016. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2017, àjọ tó ń mójú tó iye owó oògùn lọ́hùn-ún pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta stent olóògùn ju rupee 29,600 lọ, èyí tí kò ní oògùn kò sì gbọdọ̀ ju 7,260 lọ. Rupee 29,600 kò tó dọ́là 500 nígbà náà. Ṣáájú àṣẹ yẹn, owó tó ju 100,000 rupee lọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn fún stent olóògùn kan. Irin kan náà, ọkàn kan náà! Wọ́n tún ní kí ọsibítù kọ stent lọ́tọ̀ sínú bíìlì, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó ṣe é àti nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ wò ó, Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kí Nàìjíríà ṣe nìyí, kò sì ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n dá iye owó tí stent kò gbọdọ̀ kọjá, olóògùn lọ́tọ̀, aláìlóògùn lọ́tọ̀. Bí dọ́là bá ń yí, kí wọ́n máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwa náà kò sọ pé kí oníṣòwò jẹ gbèsè. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ọsibítù tó ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí ojú ìyàwó aláìsàn máa rí i kó tó rí ọmọ oníbáàgì. Kí wọ́n lẹ owó yàrá àti owó iṣẹ́ dókítà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí mo mọ ìwà àwa oníṣòwò: ibi tí wọ́n bá ti gé èrè mi kúrò lára aṣọ, owó báàgì ni mo máa fi lé. Kí ọsibítù ní tirẹ̀ nílẹ̀, kí olówó ọjà gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, kí ó gba owó èyí tí wọ́n bá lò, bí àwa náà ṣe ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé. Àti pé sítíkà tó wà lára páálí, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ fáìlì, kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ káàdì, kí wọ́n fi káàdì lé aláìsàn lọ́wọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi kò ní káàdì kankan. Bí dókítà mìíràn bá bi í lọ́la pé irú stent wo ló wà lára rẹ̀, kí ni kó sọ? Mo padà lọ béèrè, wọ́n ní wọ́n ti da páálí rẹ̀ nù.

Àwọn kan yóò ní bí ìjọba bá dá owó lé e, àwọn tó ń kó o wọlé á sá lọ. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan ní àwọn fẹ́ kó èyí tó wọ́n jù nínú tiwọn kúrò lọ́jà, ìjọba ní wọn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lójijì. Stent kò tán ní Íńdíà. Íńdíà yìí náà ni àwọn ọ̀gá wa ń sá lọ bí ọkàn tiwọn bá fò, owó ìlú ni wọ́n sì fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn yẹn kì í béèrè iye, torí kì í ṣe àwọn ló ń san án. Mo tún un sọ: ẹni tí kì í san owó stent kò lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ iye rẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù náà wà. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ní dandan ni fún gbogbo wa, ẹ jẹ́ kó kan ọkàn náà. Kí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà ní gbogbo ọsibítù ìjọba, fún ẹni tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fi stent sí ọkàn. Kí ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí bébà wà níbi tí wọ́n ti ń pe gbogbo àyà ríro ní àlọ́sà. Kí NAFDAC sì ṣọ́ clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, dáadáa, torí ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń lo òun àti aspirin, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bó bá dá a dúró láìgbàṣẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú irin náà.

Bí agbẹjọ́rò kan bá wà nínú àwọn òǹkàwé yín tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé ẹjọ́ bíi ti ará Delhi yẹn, mo ṣe tán láti jẹ́rìí. Bébà “èlò ọkàn” wọn wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ,
Gbági Tuntun, Ìbàdàn.