Pápá tó wà nínú ọgbà St. Finbarr's

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ń to àwọn ilé-ìwé girama ọkùnrin tó wà l'Ékòó sí ipò kìn-ín-ní, ipò kejì. Nígbà tó kan St. Finbarr's College, Akoka, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi gbá a dànù: ó ní ilé-ìwé àwọn agbábọ́ọ̀lù ni. Mo pa ìwé ìròyìn náà dé, mo tún ṣí i, mo tún un kà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ ọ́.

Kí n tètè jẹ́wọ́: èmi kì í ṣe ọmọ Finbarr's. Mo ṣe ìdánwò láti wọ ibẹ̀, n kò yege, ibòmíràn ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ síbẹ̀, ọdún 1968 ló wọlé. Bariga là ń gbé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ilé-ìwé náà, láti ẹnu géètì ni mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé òdìkejì ọ̀nà ni ìyá wa ń gbé agbada àkàrà rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Fadá òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà ní àwọn òfin kan tí kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú. Ọmọ tó bá jalè, lílé ni. Ọmọ tó bá jí ìwé wò nínú ìdánwò, lílé ni. Ọmọ tó bá fa sìgá, lílé ni. Ọmọ tó bá sì jáde nínú ọgbà lákòókò ẹ̀kọ́ láìgba àṣẹ, òun náà, lílé ni. Ti ìkẹyìn yìí ló kan ọjà ìyá wa, torí pé títí aago ìparí yóò fi lù, àwọn tó ń kọjá lọ nìkan ló ń tà fún.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé owó oúnjẹ sílé. Ó dúró sẹ́yìn géètì, ebi ń pa á, ó ń wo ìyá tó bí i lọ́mọ níbi tó ti ń yí àkàrà nínú epo, kò ju ogún ìṣísẹ̀ síra wọn lọ. Ìyá wa di mẹ́rin sínú bébà, ó na ọwọ́ sí i pé kó wá gbà á. Kò wá. Ó kàn ń mi orí bí alángbá. Níkẹyìn, èmi ni wọ́n rán, mo sáré sọdá, mo ti í bọ àárín irin géètì fún un. Nígbà tó délé lálẹ́, ìyá wa bi í léèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni mo bí ẹ fún gan-an, èmi ni àbí òyìnbó yẹn?" Ó fi ìka kan báàjì tó wà láyà rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ *Fidelitas* sí, ó ní, "Màámi, ìṣòótọ́ ni wọ́n kọ síbí." Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti ń pè é ní Fìdẹ́lì. Ìyá tó ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló ń fi èdè Látìn pe ọmọ rẹ̀ o.

Ìyẹn kò sì jọ ẹnikẹ́ni lójú nígbà náà. Ilé-ìwé Àgùdà kún fún ọmọ Mùsùlùmí. Aláàfin Ọ̀yọ́ tó wàjà ní 2022, Ọba Lamidi Adeyemi Kẹta, Mùsùlùmí ni, St. Gregory's ní Obalende ni wọ́n lọ, ilé-ìwé tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1928. (Ẹni tí ọ̀rọ̀ "Àgùdà" yìí bá rú lójú, àwọn tó ti Brazil padà dé ni à ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n gbé ìsìn Kátólíìkì dání wọ Èkó kí àwọn Fadá òyìnbó tó wá bá wọn.)

Ẹni tó kọ̀wé yẹn kò dárúkọ ẹni tó dá Finbarr's sílẹ̀ rárá. Fadá Denis Joseph Slattery ni, ọmọ ìlú Fermoy ní agbègbè Cork, ní Áyálándì. Finbarr ni ẹni mímọ́ tí àwọn ará Cork gbà ní alábòójútó wọn, ibẹ̀ ni orúkọ ilé-ìwé ti wá. Ọ̀kan lára àwọn Fadá SMA (Society of African Missions) ni Slattery, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ní 1856. Ọdún 1956 ni ilé-ìwé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ díẹ̀, nínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Paul's ní Apapa Road. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí Akoka, nígbà tí Yunifásítì Èkó kò tíì sí níbẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn *Catholic Herald* sì ni Slattery kó tó di ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí náà, Olóòtú, ara yín lẹ fi ń ṣeré nígbà tí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Kì í ṣe girama nìkan ló fẹ́ kí wọ́n kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ òrùlé kan náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé ẹni tí orí rẹ̀ kò gbé ìwé ni wọ́n ń fà fún iṣẹ́ ọwọ́. Yíya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́ níbẹ̀. Òun ló fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìntì. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan o, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí bọ́ọ̀lù. Rẹfirí ni Fadá fúnra rẹ̀, kò sì fi ìfẹ́ tó ní sí bọ́ọ̀lù pamọ́. Ẹni tó bá mọ Principals' Cup, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé girama, nígbà náà yóò mọ̀ pé bí Finbarr's bá fẹ́ pàdé St. Gregory's tàbí CMS Grammar School ní Oníkàn, ìdajì Bariga ló máa ń ṣófo. Henry Nwosu ti ibẹ̀ jáde. Ọmọdé ló ṣì jẹ́ nígbà tó wà lára àwọn tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980, tí a na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè. Stephen Keshi náà ti ibẹ̀ jáde. St. Paul's, Apapa Road, níbi tí Finbarr's ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ni Keshi ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó tó wọ Finbarr's ní 1976. Ó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ tó gba ife náà ní 1994, ó tún jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbà á ní 2013.

Ẹ wo ọdún tí Keshi wọlé yẹn dáadáa. Àwọn ọdún yẹn náà ni ìjọba ń gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, tí sáà Fadá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá sì ń parí. Ẹni tó bá ní ìjọ Àgùdà nìkan ló mú kí bọ́ọ̀lù Finbarr's lókìkí, kò rò ó délé. Ẹni tó bá sì ní ìjọba ló ṣe é, òun náà ò rò ó délé. Ohun tí èmi rí láti ẹnu géètì ni pé Fadá lọ, ìjọba dé, ọ̀gá ń pààrọ̀ ọ̀gá, pápá kò kúrò níbi tó wà. Kódà nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ayé Gómìnà Jákàńdè, tí ọmọ pọ̀ ní kíláàsì bí eṣú, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ṣì wà. Ní 2001, ìjọba Gómìnà Bola Tinubu dá àwọn ilé-ìwé náà padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ wà lórí owó tí irú àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà báyìí, nítorí n kò mọ ọmọ alákàrà tó lè san án, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn ja ìjà tòní.

Ìjà tòní ni ti pápá. Ọmọ ọmọ mi wà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní àdúgbò wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta ni, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní gbogbo kíláàsì, wọ́n sì fi bíríkì tẹ́ gbogbo ilẹ̀ títí dé ìdí ògiri. Nígbà tí eré ìdárayá ọdọọdún wọn dé, pápá ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n lọ yá, wọ́n sì kọ owó rẹ̀ mọ́ owó tí àwa òbí máa san. Mo lọ wò wọ́n. Ọmọkùnrin kan tó ti pé ọdún méjìlá dúró sórí ilà ìsáré, ó ń fi bàtà rẹ̀ tẹ koríko bí ẹni tó ń wò ó bóyá yóò já sínú ihò. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé-ìwé wà ní Aláúsá, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn yín. Ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ń béèrè pápá kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀. Kí ẹni tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá náà wá sí Bariga lọ́jọ́ Sátidé kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ yóò ti to òkúta méjì méjì sójú títì fún gólì. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọn á gbé òkúta kúrò. Bó bá kọjá, wọn á tún tò ó padà.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Bariga, Èkó.