Lẹ́tà láti Ludhiana

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni gbogbo ará Ìgbẹmọ? Ara mi le níbí, a dúpẹ́. O ní kí n sọ bí àwọn àgbẹ̀ Punjab ní Íńdíà níbí ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ èéfín ni màá kọ́kọ́ sọ torí ó ń dùn mí gan-an.

Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń gbin ìrẹsì nígbà òjò àti wíìtì nígbà ọ̀tútù. Bóòhóòlù ti fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù, ni ìjọba bá ṣòfin lọ́dún 2009 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ́ ìrẹsì ṣáájú June 10, kí òjò lè bá a. Òfin yẹn dáa, àmọ́ ìkórè wá bọ́ sí ìparí October, wíìtì sì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kó tó di àárín November, tó bá pẹ́, ooru March á ká a mọ́bi tí ọmọ ẹ̀ ti ń gbó. Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kí ni kí àgbẹ̀ ṣe sí gbogbo pòròpórò ìrẹsì yẹn? Wọ́n á kàn ṣáná sí i ni, èéfín ẹ̀ á dé Delhi, olú ìlú wọn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi o.

Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Happy Seeder. Katakata á máa fà á, á gé pòròpórò, á la ilẹ̀ tín-ín-rín, á ju wíìtì síbẹ̀, á tún da pòròpórò bò ó, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, kò sí pé à ń túlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, dísù dín kù. Tó o bá fọwọ́ ká pòròpórò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rí i pé abẹ́ ẹ̀ ṣì tutù. Katakata kékeré ò lè fà á ṣá, owó ẹ̀ sì ga, tí ìjọba bá fẹ́ kí iná yẹn kú, kí ẹ̀rọ tí wọ́n á yá wà lábúlé lásìkò, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ìwọ ò gbin wíìtì, àmọ́ gbọ́ tìẹ. Ìrẹsì ò nílò kómi dúró sí i lẹ́sẹ̀ nígbà gbogbo. Gé páìpù 30 cm tí wàá máa fi wo ibi tómi dé, dá ihò sí i lára, rì í mọ́lẹ̀ tó 20 cm, kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀ dànù. Tí omi inú ẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó 15 cm sábẹ́ ojú ilẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o tan pọ́ǹpù. Ọ̀sẹ̀ méjì tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ọ àti ìgbà tó bá ń yọ òdòdó, jẹ́ kómi wà níbẹ̀ o. Owó pẹtiróò tó máa ṣẹ́kù sí ẹ lọ́wọ́ á yà ẹ́ lẹ́nu.

Ibì kan ni kó o ti kọ́kọ́ dán an wò, kó o fi fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bá mi kí màmá àti ìyàwó ẹ.

Èmi ni,
Dépọ̀